Òṣómàáló Àwòrán

Àwọn bàbá wa lóṣòó nítorí owó aṣọ,
ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, dé ibi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
"Òṣó ni màá ló gbowó mi":
kí onígbèsè tó jí, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà.
Èmi náà lóṣòó.
Ìwé ni mo lóṣòó tì.

Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná náírà,
mo ń gbálẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé Arówólò, l'Ọ́kẹ̀sà.
Ọjọ́ Ẹtì ni Ṣégiládé máa ń gbé Láwọyin wá,
Láwọyin Alákẹ̀kẹ́, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere lé olè,
ojú ewé mẹ́rin, tàdáwà dúdú lórí páálí funfun,
òmíràn kò tíì gbẹ.
Tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó parí.
Ọmọ ìwé lọ sọ́jà, ìyá ìwé dèrò ààtàn.
Mo rí i tí wọ́n fi orí Láwọyin di ẹ̀pà,
tí wọ́n fi táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nu gírísì.
Ó dùn mí bí ẹni pé ènìyàn ni.

Mo lọ bá Ṣégiládé nílé, ní Ìjọ̀kà.
Iṣu méjì, sìgá páálí kan.
Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi pàǹtí ṣe?"
Mi ò ní èsì.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á,
ó kó mọ́kànlá fún mi, ó fi okùn dì í.

Àwa mẹ́ta ni wèrè yìí ń dà láàmú nígbà náà:
èmi, Tísà Fágbàmígbé ní Ìrọjò,
àti télọ̀ kan tí à ń pè ní Kóńdó.
A kì í dárúkọ owó.
Ojú ewé ìjà kan, ojú ewé ẹkún méjì, a ti ṣe pàṣípààrọ̀.
Nígbà tí Kóńdó kú,
tirẹ̀ ni wọ́n fi dáná ìrẹsì àwọn tó wá kí wọn.

Lónìí, fóònù ń dún kí n tó bọ́jú.
Ọmọkùnrin kan láti Èkó, ohùn rẹ̀ ń ṣe ṣàràṣàrà bí owó tuntun:
"Bàbá, ṣé iwájú ìwé kẹtàdínlógún wà lọ́wọ́ yín? Dọ́là ni n ó san."
Ó ní òun yóò sé e mọ́ inú ike tí afẹ́fẹ́ ò ní wọ̀,
òun yóò gbé e pamọ́ fún ọdún márùn-ún, yóò máa bímọ.
Mo bi í pé ta ni Láwọyin mú nínú rẹ̀.
Ó ní òun ò tíì ka ìtàn yẹn.
Ó tún béèrè bóyá àbàwọ́n epo etí rẹ̀ ṣeé fọ̀.
Àbàwọ́n epo!
Àkàrà tí Ṣégiládé jẹ lóru ọjọ́ tó yà á.

Mi ò ní purọ́. Òrùlé mi ń jò.
Mo ta ọ̀kan.
Òjò ò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti gbé e kúrò lára ògiri
ṣì funfun ju ìyókù lọ.

Ìbídùnní, ọmọ ọmọ Tísà, ń yàwòrán báyìí.
Ó fi hàn mí lórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan.
Ó dára ju ohun tí mo lè bú lọ.
"Ìyá ìwé rẹ̀ dà?"
"Kò ní ìyá, Bàbá. Tí mo bá ṣì í yà, ìka kan ni mo fi ń pa á rẹ́.
Kì í lápàá."

Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé ojú ewé kan síwájú fèrèsé,
oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.
Ó dákẹ́. Ó ń kà á lábẹ́lẹ̀, kò fọwọ́ kàn án:
"Ìgbà mẹ́fà ló pa ọwọ́ yìí rẹ́ kó tó rí i mú."
Ó yí i padà. Ṣégiládé ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ síbẹ̀:
gàrí, kẹrosíìnì, owó ilé ìwé Bọ́sẹ̀. Kò pé.

Ó bi mí pé èló. Mo ní kì í ṣe títà.
Ọmọ náà ká yẹ̀rì rẹ̀ mọ́ orúnkún,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi,
ó ní òun ò ní ibì kankan án lọ.
Òjò ti ń ṣú níhà Ìmọ̀.
Mo wọlé, mo ń wá okùn.