Ààlà Inú Irin

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ní Sẹ̀mẹ̀,
mo di okùn mú, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń fà á sókè.
Ẹ má sọ fún mi pé ìlà ni ààlà.
Inú máàpù ni ìlà wà.
Ẹrẹ̀ ni mo ṣọ́, àti ojú ẹsẹ̀, àti alùpùpù mẹ́ta tí kò tan iná,
àti ìyá kan tí ilé ìdáná rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa
tí kànga rẹ̀ wà lọ́wọ́ Kútọnu.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Géètì ni mo ń ṣọ́,
irin tí Pòsù jó fún wa lọ́dún tí a bí Sẹ̀nàmì.
Atẹ́gùn òkun Àgbádárìgì kì í sinmi, iyọ̀ ló ń fọwọ́ rà.
Bí ọyẹ́ bá dé, màá fi ọ̀bẹ fá géètì náà,
eruku pupa a máa dà sí mi lẹ́sẹ̀ bí ata gígún.

Ní Kérésì tó kọjá, Sẹ̀nàmì gé díẹ̀ lára rẹ̀,
ó wé e sínú bébà, ó gbé e lọ sí yunifásítì.
Àwòrán ló fi ránṣẹ́ padà sórí fóònù mi.
“Bàbá, ẹ wò ó. Ibí ni irin parí sí.
Ibí ni ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀.”
Mo fi awò sójú, mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún fi sí i.
N kò rí ìlà.

Ó ní omi ló wà láàárín wọn,
omi tó fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún rẹ̀ léra
kò ní nípọn tó awọ àlùbọ́sà.
Inú omi yẹn ni átọ́ọ̀mù ti ń sọdá.

Ta ló kọ́kọ́ ń lọ?
Kì í ṣe èyí tó wà láàárín èrò,
tí ará dì mú lọ́tùn-ún, lósì, lókè, nísàlẹ̀.
Èyí tó wà ní igun ni, tó jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn,
tí ọwọ́ tó dì í mú kò ju mẹ́ta lọ.
Ó tú ọwọ́ kan, ó tú èkejì, ó bọ́ sómi.
Àyè tó fi sílẹ̀ sọ aládùúgbò rẹ̀ di ará igun.
Bẹ́ẹ̀ ni ààlà ṣe ń rìn. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo rántí Mautin, ọmọ àbúrò bàbá mi,
tí kò ní ìyá, tí kò ní ilẹ̀.
Òun ló kọ́kọ́ ré kọjá lọ sí Gàbọ́ọ̀nù nínú wa.

Ẹni tó bọ́ sómi kò sọnù.
Ó bá ọ́síjìn pàdé, ó rí ẹni tó ti jókòó, ó jókòó tì í.
Wọ́n ń kọ́ ilé tuntun síbi tí ògiri àtijọ́ wà,
kí ògiri náà tó mọ̀ pé òun ti wó.
Ṣùgbọ́n ilé ìpáàrà gba àyè ju ilé irin lọ:
ó wú, ó ti ara rẹ̀, ó sán.
Ibi tó sán di ọ̀nà. Omi tún wọlé.

Mo ní, fèrèsé alumí ńkọ́? Ọdún kan náà la rà wọ́n.
Ó ní ìyẹn náà jẹ, ọjọ́ kìíní gan-an ló jẹ,
ṣùgbọ́n awọ tó fi bora kò ní ihò,
ààlà rẹ̀ sì dúró síbi tó dé.
Mo rẹ́rìn-ín.
A ò ní irú awọ bẹ́ẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀.

Ègùn ni ìyá mi bá mi sọ títí ó fi kú.
Èmi bá Sẹ̀nàmì sọ Ègùn díẹ̀, Yorùbá púpọ̀.
Ọmọ tirẹ̀ ń kí mi pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì.
Ilé kan náà ni o. Yàrá mẹ́rin, igi àgbọn méjì lẹ́yìnkùlé.
N kò lè nawọ́ sí ọjọ́ tó yí padà.

Lánàá mo gbé ọ̀bẹ lọ síbi géètì.
Ó ṣì ń ṣí, ó ṣì ń tì, ó ṣì ń ké bó ṣe máa ń ké.
N kò fá a.
Mo kàn dúró tì í bí ẹni tó di okùn mú,
mo ń ṣọ́ àwọn tí n kò lè rí,
tí wọ́n ń sọdá láìmú ìwé lọ́wọ́.