Àtàǹpàkò Inú Ìkùukùu

Búrẹ́dì la fi ń pa ìlà pẹ́ńsù rẹ́.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Rọ́bà wọ́n,
Ṣìtú Àkànmú ọ̀gá mi sì gbà pé ó ń bó ìwé lára.
Inú búrẹ́dì ni iṣẹ́, èèpo rẹ̀ ni owó oṣù mi.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà,
ní yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ, Ògùnpa,
níbi tí páànù ti ń jò, tí a ń gbé tábìlì kiri
bí ẹni ń gbé aláìsàn sá fún òjò.

Ibẹ̀ la bí Akin Ẹ̀fúùfù sí.
Bí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n:
ọkùnrin tó wọ pátá lé ṣòkòtò,
tó so aṣọ òfì mọ́ ọrùn,
tó ń fò láti orí Màpó dé Dùgbẹ̀
kí olè tó ṣí ilẹ̀kùn báńkì tán.
Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ẹ̀dà kan.
Àwọn ọmọ iléèwé a máa yá a kà títí á fi já sí méjì.

Wọ́n a bi ọ̀gá pé ta ló wò yà á.
A ní òun rí i lójú àlá.
Irọ́. Èjìká yẹn, ti Lásún ni, tó ń ru síméńtì lódìkejì wa;
àgbọ̀n yẹn, ti àbúrò rẹ̀ tó kú sójú ogun;
ọwọ́ yẹn, pẹ̀lú ìka gígùn,
ti Múìbátù ni,
Múìbátù tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú róbótó ẹnu wọn,
tó ń fi àmì ohùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ẹ jẹ́ n gbàgbé àmì," ni yóò wí,
"Akin á ní òun ju ọ̀kọ̀,
gbogbo Ìbàdàn á kà á pé ó ju ọkọ."

Àtẹ̀jáde kẹrìnlá ni mo fẹ́ràn jù.
Ògùnpa kún, ó ń gbé ilé lọ,
Akin na ọwọ́ òsì kan ṣoṣo,
odò dúró bí ewúrẹ́ tí a fà lókùn.
Oru mẹ́ta ni ọ̀gá fi ya omi yẹn
pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ.
Èmi ni mo tẹ àtàǹpàkò mọ́ ìkùukùu orí Màpó,
yíǹkì kò tíì gbẹ. Mo ti fi etí sílẹ̀ fún ìgbájú.
Ó wò ó títí. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Òjò ló ṣú."

Oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò gan-an wá dé.
Kò bi wá bóyá a ti dá a dúró rí.
Ó kó àpótí ìwé, ó kó tábìlì, ó kó Lásún,
a kò rí Lásún títí dòní.
Ọ̀gá jókòó sórí òkìtì ẹrẹ̀,
ó tẹ́ ojú ewé kan sórí orúnkún:
róbótó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀,
òfìfo.

Kò ya Akin mọ́. Pátákó ló ń kọ:
"Ẹ má tọ̀ síbí." "Ilé yìí kì í ṣe títà."
Bí ẹ bá gba Mọ́kọ́lá kọjá, ẹ gbójú sókè,
pátákó onígbàjámọ̀ kan wà níbẹ̀, orí kẹrin:
Akin Ẹ̀fúùfù ló ń gẹ irun yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ti Yunifásítì wá,
ojú ewé kan nínú ọ̀rá, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́
bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí.
Ó ní ilé atẹ̀wé kan ló ti ṣẹ́kù,
pé òyìnbó kan fẹ́ fi owó ilé rà á,
ṣùgbọ́n kò sórúkọ ẹni tó yà á.

Mo ní kó yí i síbi ìmọ́lẹ̀.
Lábẹ́ bàtà Akin, mo fi han án: Ṣ.A., kékeré bí ẹsẹ̀ èèrà.
Mo fi èjìká Lásún hàn án. Mo fi ọwọ́ Múìbátù hàn án.
Ó ń sáré kọ ọ́ sílẹ̀.
"Èyí ńkọ́, bàbá, lójú ọ̀run níbí?
Àbàwọ́n ni, àbí? Ṣé kí wọ́n nù ún?"

Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e. Ó ti bò ó mọ́lẹ̀ báyìí.
Òjò ló ṣú, ni mo wí.