Èló Ni Òwúrọ̀?

Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé.
N kì í dìbò, n kì í dá sí ọ̀rọ̀,
bírò mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Ní Àgọ́dì, nínú yàrá tí fáànù rẹ̀ ń kùn
bí àna tí wọn ò fún lóúnjẹ,
Àjọ Ojú Ọ̀nà yí tábìlì ká,
wọ́n fẹ́ dá iye lé òwúrọ̀.

"A ò ta ọ̀nà," Alága ní, "má kọ 'tà' sílẹ̀."
Mo pa á rẹ́.
"Ọ̀nà mẹ́ta wà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹyọ kan péré, ti ọwọ́ òsì, la ó máa gbowó rẹ̀,
kí ẹni tó ń kánjú lè rí ibi kánjú sí."
Ẹnjiníà Oyètádé, lẹ́bàá fèrèsé, bú sẹ́rìn-ín:
"Ta ni kì í kánjú n'Íbàdàn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé?"
N ò mọ̀ bóyá kí n kọ ẹ̀rín.

Bí ọkọ̀ bá pọ̀, owó á gòkè.
Bí ọkọ̀ bá dín, owó á wálẹ̀,
pátákó oníná ni yóò máa kéde rẹ̀.
Bọ́ọ̀sì tó kó èèyàn mẹ́rìnlá kò ní san.
Panápaná kò ní san, ọkọ̀ aláìsàn kò ní san.
"Ọkọ̀ òkú ńkọ́?" Arábìnrin Mojoyin bèèrè.
"Òkú kì í kánjú," Alága ní.
Ìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá dé orí òwúrọ̀.
Olùṣirò owó ní ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀,
ó parí ní mẹ́sàn-án ààbọ̀: ẹgbẹ̀rin náírà.
Lẹ́yìn ìyẹn, igba.

Bàbá mi já tíkẹ́ẹ̀tì ní Tóògéètì títí wọ́n fi wó o.
Kò sí géètì níbẹ̀ mọ́, orúkọ ló kù;
kọ̀ńdọ́ á ní "Tóògéètì wà o?" èrò á ní "Ó wà!"
nípa ohun tí kò sí.
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń rùn bí idẹ kó tó jẹun,
ó ń rùn bí idẹ lẹ́yìn tó jẹun tán.
Ó máa ń ní: owó sísan kọ́ ló ń dun ọmọ èèyàn,
kó san tán kó tún bọ́ sí kòtò ni.
Kí wọ́n tó bí i rárá, oníbodè ti wà lẹ́nu odi,
ó ń ka ẹrù epo, ó ń ka ẹrù iyọ̀.
Ẹrù lónítọ̀hún ń wọ̀n.
Kò wọn ìkánjú ẹnikẹ́ni.

Mo rò ó kan Ṣàngódèyí, ará ilé wa,
tó ń gbé tòmátì láti Ṣáṣá kí oòrùn tó mú.
Tòmátì rẹ̀ ti ń ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀.
Tòmátì náà ń kánjú,
kò kàn ní ẹgbẹ̀rin náírà ni.

Ọwọ́ mi bá gòkè.
Alága wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó yìí, ibo ni yóò máa lọ?"
Wọ́n ní àpò àtúnṣe ọ̀nà.
"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́?"
Fáànù ń kùn.
Fáànù ń kùn.
"Kọ orúkọ mi," Ẹnjiníà Oyètádé ní.

Máíkírà ni mo wọ̀ relé, àwa mẹ́fà,
a ò tó mẹ́rìnlá.
Awakọ̀ ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?
Wọ́n fẹ́ máa gbowó lọ́wọ́ wa nítorí pé ilẹ̀ mọ́."
Tàdáwà ṣì wà ní ìka mi.
"Mọ́mì, ẹ ò wí nǹkan?"
Mo ní, mo ti wí i,
ó wà lójú ìwé kẹrin, orúkọ ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀.
Ó ní, "Hẹn?"
Ó yẹ kòtò kan,
gbogbo wa ṣubú lé ara wa.