Epo Ọjọ́bọ̀

Jókòó, Marlys. Má bọ́ kóòtù,
ẹ̀rọ amúlégbóná ti kú láti àárọ̀,
yìnyín Sheboygan kì í sì í bẹ̀rù àgbà.
Gbé bọ́ọ̀lù náà lé orí tábìlì. Rọra.

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo lu ihò mẹ́ta yìí fún Verlyn,
ó di ọdún mẹ́rìndínlógún lóṣù tó ń bọ̀.
Ọwọ́ ọkọ rẹ le bí ọwọ́ ẹni tó ń lagi;
epo tó nípọn, tó gùn, ní gbọ̀ngàn ńlá etí adágún,
òun ló bá a lára mu: ẹsẹ̀ bàtà márùndínláàádọ́ta,
níbi tí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn ti ń yọ̀ lọ tààrà
bí ẹni tó gbàgbé ìyànà ilé rẹ̀.
Mo fi sánpépà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ha ara rẹ̀
títí ó fi ṣú bí eérú,
kí ó lè di pákó mú lábẹ́ epo,
mo sì fi àmì ọkàn rẹ̀ sí ínǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀
sí ibi tó ń yí po,
kí ọkàn náà má baà sùn lójú ọ̀nà.
Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ọkàn. Ó wúwo, kò sì dọ́gba.
Ta ni tirẹ̀ dọ́gba?

Ìwọ ńkọ́? Níbo lo ti fẹ́ jù ú?
Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fura.
Ọ̀nà mẹ́rin péré, pákó gidi, kì í ṣe ike,
epo tí Theophil arúgbó ń fọ́n látinú ìgò
kò tó ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n,
bó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́
ó ti gbẹ bí ètè aláàwẹ̀.
Gbé bọ́ọ̀lù ṣíṣú yìí débẹ̀,
kí o tó nàró, ó ti yà wọ kòtò apá òsì.
Ohun tó yọ Verlyn nínú ìtìjú
ni yóò tì ọ́ sínú rẹ̀.

Epo kì í hàn sójú, ìyẹn ni wàhálà iṣẹ́ yìí.
Èèyàn á dúró, á rí pákó tó ń dán,
á ní òun ti rí ọ̀nà.
Irọ́ ni. Bọ́ọ̀lù ló rí i.
Wo ibi tó ti yà, ìgbà náà lo máa mọ ohun tó ti tẹ̀.

N ó dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
N ó lu tìrẹ: àmì lókè ìka òrùka, ó ju ínǹṣì márùn-ún lọ.
Sánpépà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, lẹ́yìn náà òróró ìdán,
títí o máa fi rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀.
Jẹ́ẹ́jẹ́ ni yóò máa lọ. Á pẹ́ kó tó yà.
Ṣùgbọ́n á yà.

Dúró ná. Wo inú ihò àtàǹpàkò.
Téèpù. Ọ̀kan, méjì… mọ́kànlá.
Òtútù máa ń sọ ìka di tín-ín-rín, gbogbo wa la ń lẹ ọ̀kan.
Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ló wá gbẹ̀yìn, nínú ooru,
ó sì lẹ mẹ́rin mọ́ ọn níṣojú mi.
Mo rí i. N kò bèèrè.

Kí n tó dí i, ó gbọ́dọ̀ wẹ̀.
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí; bó bá gbóná jù, á sán.
Wò ó bó ṣe ń làágùn:
gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó mu láti ọdún yìí wá
ló ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn.
O ń tọ́ ọ wò? Kò dùn. Mo ti tọ́ ọ wò rí.

Ó ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, àbí?
Jẹ́ kó yọ̀.

Ó yá, na ọwọ́ wá kí n wọ̀n ọ́n.
Kì í ṣe ìyẹn.
Èyí tó gbẹ.