Ohun Tí Mo Tú Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún fírígò ṣe
nítòsí ọjà Wàǹdó, l'Ájàṣẹ́,
lábẹ́ páànù tí oòrùn ti yan gbẹ.
Lámídì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀:
Gbé etí lé e. Fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.
Bí kò bá tutù mọ́, gé ọ̀pá bàbà rẹ̀,
kí o jẹ́ kó mí.

Á sì mí lóòótọ́. Ṣíììì.
Gáàsì á jáde, kò láwọ̀, kò lóòórùn,
á jó mi níka bí yìnyín, á lọ.
Mo rò pé ó lọ ni.
Ta ní ń bi atẹ́gùn léèrè ibi tó ń rè?

Lọ́dún yìí, ọyẹ́ yọjú bí onígbèsè,
ó rí wa, ó sá padà.
Gbogbo agbo ilé gbé ẹní síta lóru,
ògiri ń mí bí ààrò,
ọmọ ọwọ́ kò jẹ́ ká sùn, àwa náà kò sì lè bá a wí.
Ọwọ́ mi kún fún iṣẹ́.
Ooru ń mú, wọ́n ń ra amúlétutù;
amúlétutù ń da ooru sójúde,
amúlétutù, amójúde-gbóná!
Ojúde gbóná tán, wọ́n tún ra òmíràn.
Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. N kò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa wá kẹ́kọ̀ọ́,
mo rẹ́rìn-ín. Èmi, pẹ̀lú irungbọ̀n funfun yìí?
Mo lọ ṣá. Bẹ́ńṣì wọn kò gba orúnkún mi.
Ta ló dúró níwájú, tó mú ṣọ́ọ̀kì dání?
Samíátù, ọmọ ìyá tó ń ta ẹja dídì létí ọ̀sà.
Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà
nígbà tí mo kọ́kọ́ gé ọ̀pá fírísà wọn.
Ṣíììì ni mo ṣe lójú ọmọ náà,
ó fò sókè, ó sì bú sẹ́kún.

Ó ní gáàsì yẹn kò lọ síbì kan.
Ó ní ó wà lókè níbẹ̀,
ó bò wá bí kúbùsù lóṣù Ẹrẹ́nà,
ìgò kan péré ju èéfín ọkọ̀ kan fún odidi ọdún.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgò tèmi lórí ìka.
Ìka ọwọ́ tán.
Mo sọ̀ kalẹ̀ sórí ti ẹsẹ̀ nínú bàtà.

Ẹni tó da omi síwájú ní í tẹlẹ̀ tútù.
Èmi tí mò ń ta òtútù, kí ni mo dà síwájú?

Ó kó rọ́bà pupa àti rọ́bà aláró lé mi lọ́wọ́,
pẹ̀lú ìgò òfìfo lórí òṣùwọ̀n.
"Bàbá, ẹ má gé e. Ẹ fà á. Ẹ má kánjú."
Ẹ̀rọ ń kùn. Kò sí ṣíììì.
Nọ́ńbà ń gòkè: ogún gírámù, ọgọ́ta,
ó dúró ní ọgọ́sàn-án.
Àṣé ó wúwo.
Àṣé látọjọ́ yìí, ó ń wúwo.

Lánàá, ìyá Samíátù gbé fírísà rẹ̀ dé,
ẹja rẹ̀ ti ń yọ́, omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.
"Kí ló pẹ́ tó báyìí? Tẹ́lẹ̀, kíá lẹ máa ń ṣe é!"
Mo ní ẹ jókòó, mò ń kó nǹkan jọ.
"Kí lẹ ń kó?"
Mo tọ́ka sí ìgò. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó wò mí.
"N kò rí nǹkan kan."

Mo fún un ní omi mu.
Èmi náà kò rí i.