Òjò Ló Wó O

Èmi ni mo rán aṣọ eré náà,
mẹ́tàlélógójì, láìka àwọn tí wọ́n dá padà.
Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Mínà ni wọ́n bí mi sí,
Kubwa ni mò ń gbé, níbi tí iná ìjọba
ti ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà.
Tábìlì iwájú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.
Báǹkì gbé owó sílẹ̀,
òtẹ́ẹ̀lì gbé gbọ̀ngàn kalẹ̀ ní Maitama,
àwọn Gbagyi ló gbé ìtàn wá,
kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó wúwo.
Yorùbá ni wọ́n fi kọ orin rẹ̀,
wọ́n ní òun ló ń tà.

Ìyá kan lẹ́sẹ̀ òkè ni ìtàn ọ̀hún,
lọ́dún tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, olú-ìlú ń bọ̀.
Ìbíwùnmí ni yóò ṣe ìyá náà.
Bàálù ọ̀sán ló bá dé láti Èkó,
ohùn rẹ̀ lè la ògiri,
àmọ́ orí ló gbé igbá lé.
"Orí ló dáa fún fọ́tò," Fárónbí olùdarí ló wí bẹ́ẹ̀.

Asabe tó ń nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn dá ọwọ́ dúró.
Hausa ló fi sọ ọ́:
"Orí lọba. Ọba kì í ru ẹrù.
Èjìká la fi ń rù ú ní tiwa."
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lọ́fun:
àwa tí à ń bọ orí láàárọ̀,
tá a tún ń fi orí kan náà ru omi lálẹ́.

Mo rán tìmùtìmù kékeré, ti èjìká ọ̀tún,
mo ki òwú sí i. Fárónbí kò rí i,
ọjọ́ yẹn ni lẹ́tà dé.
Ìlà mẹ́ta péré:
Ẹ yọ katapílà kúrò.
Kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni.
Ẹ bá wa kí báǹkì yín.

Bí katapílà tí káfíńtà Bitrus fi ọ̀sẹ̀ méjì kàn
ṣe di àwọsánmà nìyẹn. Wọ́n kùn ún léérú, wọ́n so ó rọ̀.
"Irin ló wó o" ni orin wí tẹ́lẹ̀.
Wọ́n ní ká máa wí pé òjò ló wó o.
Ọ̀rọ̀ yí. Ohùn orin kò yí.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú páálí:
Ẹ BI WÁ NÁÀ.
Ìbíwùnmí gbé igbá lé èjìká, ó la ẹnu,
orin gbé òjò kúrò nísàlẹ̀, ó gbé e sí ibi tí irin wà,
ni gbọ̀ngàn bá gbọ́ ọ ketekete:
ojo ló wó o, ojo ló wó o.
Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú tábìlì dé tábìlì.
Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà kò gbọ́ Yorùbá.
Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́.

Mo sáré sọ fún Asabe pé a ti bú wọn.
Ó ní òun náà kò gbọ́ Yorùbá.
Ó ní igbá yẹn ṣófo,
èjìká tó bá ru nǹkan máa ń tẹ̀, tọmọ yẹn kò tẹ̀.
Ó wá bi mí níbi tí mò ń gbé.
Mo júwe rẹ̀: ẹ̀yìn ilé epo,
ẹ̀gbẹ́ igi òrí kan ṣoṣo tó kù.
"Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń sọ ẹrù, tó ń sinmi."

Kò bú mi. Ó gba tìmùtìmù náà lọ́wọ́ mi,
ó tì í bọ àpò, ó padà sídìí ilẹ̀ tó ń nù.
Owó iṣẹ́ mi ku ìdajì.
Mi ò tíì lè béèrè.