Ẹ̀dà Ọ̀fẹ́

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ni mo ń lò.
Kì í fi nǹkan pamọ́.
Bí mo bá ní kó bá mi tọ́jú orin yìí,
fèrèsé kékeré kan á yọjú bí ìyàwó onílé,
á ní: Sanwó ná.
Owó tó ń bèèrè tó owó ilé ọdún kan
fún yàrá tí èmi àti Sẹ̀gílọlá jọ ń gbé ní Ìlàjẹ, Bàrígà,
níbi tí òórùn ẹja gbígbẹ ti ń bá wa kàwé.

Bí wọ́n bá mú iná wá láago mọ́kànlá òru, mo bí orin.
Bí bátìrì bá kú, orin kú.
N ò ní pè é ní àbíkú.
Àbíkú a máa padà wá.

Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n rán mi wá kà ní Yábàá,
ṣùgbọ́n Òkò Bàbá ni mo máa ń yà sí,
níbi tí bàbá Ṣẹ́rífá ti ń la gẹdú.
Mo gbé fóònù sórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi,
mo ní, Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún òmíràn là.
Ó wò mí títí.
"Ṣé pákó lo fẹ́ rà ni, àbí ariwo?"
Mo ní ariwo ni.
Ó ní ìyẹn ò lówó lórí, kí n máa kó o lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ayùn ń ṣe:
òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, mí gan-an,
bó bá wá bu ìrókò jẹ, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀,
kì í fò, kì í tẹ àtẹ̀gùn,
yíyọ̀ ló ń yọ̀ bọ̀, bí ẹni tó tẹ omi ọṣẹ,
títí á fi dé dò.

Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn.
Àpótí kéékèèké ló tò kalẹ̀, méjìlá méjìlá,
ó ní kí n kun èyí tó bá wù mí.
Mo kun orúkọ ìyá mi síbẹ̀: Àṣàkẹ́.
Dò, dò, mí.
Ó pè é bí ọlọ́pàá ṣe ń pe orúkọ ní àgọ́.
Bẹ́ẹ̀, bí bàbá mi bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé,
"kẹ́" yẹn máa ń gbéra nílẹ̀ ná kó tó dókè,
bí ẹni ń gbé korobá omi.

Mo wá okùn tínínrín kan rí nísàlẹ̀ àpótí,
okùn tó ṣeé tẹ̀.
Ó gbà mí lóru mẹ́ta,
òru mẹ́ta tí mo ń tún bẹ̀rẹ̀ látorí dò.
Mo ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ ilẹ̀ mi:
ìyára, ọgọ́fà ó lé mẹ́rin. Ayùn, etí òsì.
Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúntókí gba ìwé náà yẹ̀ wò,
ó sọ jígí rẹ̀ kalẹ̀.
"Ilẹ̀ ibo nìyí?"

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó bọ́ sí i.
Ayùn wọlé, ìdérí ìkòkò wa tẹ̀ lé e,
orúkọ ìyá mi gbéra nílẹ̀.
Sẹ̀gílọlá dìde jókòó lórí ẹní.
"Tún un ṣe."
Kí ọwọ́ mi tó kàn án, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú.
Ó wá ku ọ̀sà, àti jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

Láàárọ̀ ó ń fọ aṣọ, ó ń fi imú kùn ún.
Ó ṣì í.
Ibi tí mo ní kó dúró, kò dúró;
ó gbé "kẹ́" kọjá ibi tí mo fi í sí,
ó wá jẹ́ kó já bọ́ sínú ọṣẹ.
Mo sáré mú ìwé ilẹ̀ àti bírò.
"Tún un ṣe," mo ní.
Ó gbójú sókè, ìfófòó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
"Kí ni mo ṣe?"